Bí Mo Ṣe Yọ Gìtá Ara Mi Kúrò Nínú Orin

Kọ̀ǹpútà ló sọ fún ọ? Fẹ́mi, tún un sọ, kí n gbọ́ ọ dáadáa. O jí láàárọ̀, o po tíì, o jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ní òun ò mọ̀ ọ́ mọ́, iṣẹ́ sì bọ́ báyẹn? Kò sí ẹni tó pè ọ́ sí yàrá kan? Kò sí ẹni tó wo ojú rẹ kó ní pẹ̀lẹ́? Háà! Mo ti pẹ́ láyé o, mo sì rò pé kò sí ohun tó tún lè yà mí lẹ́nu ní Calgary yìí, àfi èyí. Bísí, gba coat ọkọ rẹ, fi kọ́. Snow ti ṣú lókè, o ò sì ní shift níbi iṣẹ́ rẹ ní Seton lónìí. Ẹ jókòó.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Èmi tí ẹ ń pè ní Daddy yìí, tí ẹ ń rí tí mò ń fi ọ̀pá rìn lọ sí mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, gìtá ni mò ń ta nígbà kan nínú band rock. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán. Irun orí mi nígbà náà, bí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀, mo ní láti tẹ orí ba. Sòkòtò tí mò ń wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé ajá lè sá sí i. Gìtá yẹn náà ló sọ mí di producer, ẹni tí ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, tí ń sọ fún olórin pé "tún un kọ", fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo jókòó tí mo yàn án. Epo rọ̀bì ló tì mí dé ẹnu ọ̀nà, ìyàwó mi ló sì fi ẹnu rẹ̀ tì mí wọlé.

Ìwé epo ni bàbá mi ní kí n wá kà. Bàbá mi ní Ìwó gbà pé ibi tí epo bá wà, ebi ò lè débẹ̀. Nígbà tí mo jáde ilé-ìwé, iléeṣẹ́ kan ní àárín ìlú gbà mí síṣẹ́. Ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà ló wà níwájú mi. Tábìlì ńlá kan ni, ó fẹ̀ tó ibùsùn. A máa ń tẹ́ bébà sí i, kálámù olójú tín-ínrín la fi ń ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀: ibi tí òkúta wà, ibi tí epo sá pamọ́ sí. Bí íńkì bá kán sí i lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti bàjẹ́ nìyẹn. Gbogbo yàrá á pa lọ́lọ́, ìró kálámù nìkan là ń gbọ́, bí eku tó ń jẹ àgbàdo. Ta ló tún ń fi ọwọ́ ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ báyìí? Tábìlì yẹn gan-an, mo rí ọ̀kan nínú ilé oúnjẹ kan ní Beltline lọ́jọ́ sí, wọ́n gbé búrẹ́dì lé e lórí. Mo dúró, mo ń wò ó bí ẹni tó rí òkú ẹni tó mọ̀.

Òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Doug, irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kó àwòrán wa láti iléeṣẹ́ kan dé òmíràn. Bó bá ń dúró dè mí, á máa fi ìka méjì lu etí tábìlì mi. Ọjọ́ kan ni mo fi ìdí kálámù dá a lóhùn. Ó dúró, ó wò mí.

"O máa ń lu ìlù?" ó bi mí.

"Rárá. Gìtá ni mò ń ta."

"Irú èwo?"

"Èyí tó pariwo."

Bí mo ṣe di ara band nìyẹn. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ gìtá, nígbà tí àwa ọmọ ilé-ìwé gíga ń fi aṣọ àwọ̀ mèèremèère ṣe rock tiwa, kí bàbá mi tó gbọ́, kó tó fi mí sọ́kọ̀ òfurufú. Doug ló ń lu dùrọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Walter ló ń ta gìtá bass. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu Walter, nítorí náà kò ní pọ̀ nínú ohun tí mò ń sọ yìí náà. Linda ló ń kọrin. Ọ̀sán ni Linda fi ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà nínú hotel kan létí ojú irin, hotel náà la ti ń ṣeré lálẹ́. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ti sunkún tán kó tó jáde nílé.

Ẹ ò lè mọ bí ìlú yìí ṣe rí nígbà náà. Hotel bíi tiwa pọ̀ ní àárín ìlú, kò sì sí èyí tí kò ní band tirẹ̀, alẹ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń fi ìka tẹ bọ́tìnnì kí orin jáde. Ènìyàn ni, tó ń làágùn. Àwọn òṣìṣẹ́ epo á dé láti oko epo, bàtà wọn kún fún ẹrẹ̀, fìlà wọn lórí, èéfín sìgá á bo ilé débi pé mi ò ní rí Walter tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ampilifáyà mi wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì méjì, èmi ni mo máa ń gbé e gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ariwo ló wà níbẹ̀, ariwo làwọn ènìyàn sì fẹ́. Bí ẹnìkan bá ké, mo máa ń ta á kó ju igbe rẹ̀ lọ. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á gbá tábìlì. Mo rò pé mo mọ gìtá ta.

Mi ò fẹnu kan ọtí wọn. Ààwẹ̀ sì bọ́ sí summer láwọn ọdún yẹn. Ẹ̀yin náà mọ oòrùn ibí, kì í fẹ́ wọ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ kù díẹ̀, ó ṣì ń yọjú. Orí ìtàgé ni àkókò ìṣínu máa ń bá mi. Doug á na ọrùn wo fèrèsé ẹ̀yìn. Bí oòrùn bá ti wọ̀ tán, á gbá páànù ìlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbàà! Àwọn ènìyàn á hó yèè, wọ́n rò pé ara orin ni. Èmi á yíjú sẹ́yìn, dàbínù ti wọnú ẹnu. Lọ́jọ́ kan ó gbá a nítorí eṣinṣin tó bà sí i. Mo jẹ dàbínù tán, mo gbójú sókè, oòrùn ń wò mí báyìí. Nígbà tí mo fẹ́ san ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà, Doug ní òun ló jẹ̀bi, òun náà gbà á pẹ̀lú mi. Ní aago méjì ọ̀sán ó bi mí bóyá omi náà wà nínú ohun tí a ò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Mo ní ó wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní winter, igi gìtá máa ń gbẹ, á sán. Ìró ìyàwó mi kan tó nípọn ni mo fi máa ń wé e. Ó wá ìró yẹn títí, ó bi àwọn ará ilé rẹ̀ nílé nínú lẹ́tà bóyá ó gbàgbé rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn, kó tó di ọjọ́ tó bá mi dé hotel tó rí gìtá tó ró aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Bí Stampede, ọdún àwọn darandaran, bá sì dé ní July, gbogbo ìlú á dé fìlà darandaran, ẹṣin á máa rìn ní títì, wọn á máa dín pancake fún gbogbo ayé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n gbé wa sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù láti máa ṣeré lọ. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tẹ bíréèkì lójijì, Walter ṣubú sínú koríko tí wọ́n dì fún ẹṣin. Kò dá bass dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí, ohùn bass ṣì ń jáde.

Lẹ́yìn náà ni owó epo já lulẹ̀.

Fẹ́mi, gbọ́ bí tiwa ṣe rí. Ọjọ́ Ẹtì ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n kó wa jọ sí yàrá ńlá kan. Ọ̀gá wa dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, á sorí kọ́. Obìnrin kan bú sẹ́kún. Ó kà á tán, kò dárúkọ mi. Mo ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi, mo tilẹ̀ ń fi àánú wo àwọn tó dárúkọ. Ọ̀gá pa ìwé dé. Ó ní, "Ẹ̀yin tí mo pe orúkọ yín, ẹ padà sídìí iṣẹ́." Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi gan mọ́bẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, gbogbo àwa tí kò dárúkọ ti wà nínú ẹ̀rọ tí ń gbéni sọ̀kalẹ̀, oníkálukú gbá páálí rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin àgbà kan ò gbé nǹkan mìíràn ju òdòdó inú ìkòkò lọ. Ewé rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo ní ó kúkú ku gìtá. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, a dé hotel lọ́sàn-án láti tún okùn wa ṣe, a bá ṣéènì lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ilé-ìfowópamọ́ ti gba ilé. Doug gbé ojú lé gíláàsì. Ìlù rẹ̀ wà nínú, ampilifáyà mi wà nínú, mo rí iná pupa rẹ̀ kékeré tó ṣì ń tàn, nítorí kò sí ẹni tó pa á. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: ẹni tí wọ́n tì mọ́ta ò rí ibi lọ, ẹni tó ti ilẹ̀kùn ò rí ẹni tó máa rà á.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó jẹ́ ká wọlé wá mú ohun tó jẹ́ tiwa. Doug fi orúkọ tó kọ sínú ìlù rẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n fún un. Kò sí orúkọ lára ampilifáyà mi, ó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́bẹ̀ rí ojú mi, àánú ṣe é. Ó ní ẹ̀rọ kan wà lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè, kí n gbé e lọ bí mo bá lè gbé e. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ onítéèpù ni, hotel ti ń lò ó nígbà kan láti gba eré sílẹ̀ fún rédíò. Ó tóbi bí fíríìjì tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Àwa mẹ́ta la gbé e dé basement mi, ó fá ògiri àtẹ̀gùn láti òkè délẹ̀, ìyàwó mi sì ń wò wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé yín. Ọ̀nà mẹ́jọ ló wà lórí téèpù yẹn. Ohùn Linda á gba ọ̀nà kan, gìtá mi á gba ọ̀nà kan, ìlù á gba tirẹ̀. Bí a bá gbà á tán, o lè gbé ọ̀kan sókè, o lè rẹ ọ̀kan sílẹ̀, láìfọwọ́ kan ìyókù. Lónìí fóònù inú àpò yín ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà náà, bí o bá fẹ́ gé orin, abẹ lo máa fi gé téèpù, wàá fi ohun tó ń lẹ̀ so ó pọ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n, o ti gé ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni.

Ìgbà yẹn náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí fi ilé sílẹ̀. Ilé tí wọ́n fi owó yá kọ́, owó tí wọ́n jẹ lórí rẹ̀ ti ju ilé lọ. Wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì ìdáná, wọ́n á wọ ọkọ̀, wọ́n á lọ. Mo ti gbọ́ ọ, mi ò gbà á gbọ́, títí Linda fi ní kí n wá bá òun gbé ẹrù. Ọkọ rẹ̀ ti wá iṣẹ́ lọ sí Ontario, lẹ́tà rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. A kó àpótí méjì sínú ọkọ̀. Mo rò pé ó tán. Ó padà wọlé. Mo dúró dè é nínú òtútù títí, mo wọlé tẹ̀lé e. Ó ń fọ àwo. Ó fọ gbogbo àwo tó wà níbẹ̀, ó nù wọ́n, ó tò wọ́n. Ó gbá ilẹ̀ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó fa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn nínú ilé.

Mo mú un wálé. Ìyàwó mi, Ìyá Sìdí, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Sìdí, ta lẹ mú bọ̀ yìí?"

"Linda ni. Kò nílé mọ́."

"Kò ní ẹbí?"

"Kò sí èyí tó súnmọ́."

Ó wo bàtà Linda tí snow ti rin gbingbin. Ó ní, "Ẹ sọ fún un kó bọ́ bàtà, kó wá jẹun. Basement ni yóò sùn. Ẹ̀yin náà, òkè lẹ ó máa sùn."

Ibẹ̀ la ti ṣe orin náà ní winter yẹn. Kò sí ẹni tó níṣẹ́ nínú wa, ìyàwó mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nìkan ló ń jáde. Linda kọ orin kan nípa ilé tó fi sílẹ̀. A gbà á sílẹ̀ lójú ọ̀sán, bùláńkẹ́ẹ̀tì lára ògiri, Sìdí ọmọ ọdún mẹ́rin lórí àtẹ̀gùn tó di etí rẹ̀. "Daddy, too loud," ló máa ń sọ. Mi ò kà á sí. Ṣùgbọ́n orin náà ò dùn. A gbé máíkì kúrò níbí, a gbé e lọ sọ́hùn-ún. A ní téèpù ti gbó. A ní ògiri ni. Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.

Ní Sátidé kan, mo ń gbé e gbọ́ lémi nìkan, ìyàwó mi sọ̀kalẹ̀ wá kó aṣọ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Kò dúró gbọ́ orin mi rí. Lọ́jọ́ yẹn ó dúró, agbọ̀n aṣọ ní ìbàdí.

"Kí ló ń sọ níbẹ̀ yẹn?"

"Ta ni?"

"Linda. Mo gbọ́ 'àwo', lẹ́yìn náà ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí pariwo lé e lórí."

"Kò sí ẹni tó pariwo."

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ tún un gbé."

Mo tún un gbé. Ó na ìka.

"Òun nìyẹn! Obìnrin ń sọ ohun tó dùn ún, ọ̀gbẹ́ni kan ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ta ni aláriwo yẹn?"

"Èmi ni," mo wí.

Ó wò mí. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ dáadáa. "Ẹ má bínú," ló sọ, ó sì gun òkè lọ.

Mo bínú. Ọjọ́ méjì gbáko, mi ò bá a sọ ju "o ṣeun" lọ. Kí lobìnrin tí kò fẹ́ràn rock mọ̀ nípa rock? Ní ọjọ́ kẹta, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo rẹ gìtá mi sílẹ̀ díẹ̀ kí n lè fi hàn pé irọ́ ló pa. Mo gbọ́ èémí Linda. Mo tún un rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo wá pa gìtá pátápátá, mo sì gbọ́ ohun tó ń sọ: pé òun ti fọ àwo, òun ti gbálẹ̀, kí ẹni tó bá wọlé má ṣe rò pé àwọn tó gbébẹ̀ burú. Orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo ti ń fi gbogbo agbára ta gìtá. Ẹ wò ó, èmi ni mo dúró nínú ilé ìdáná rẹ̀ lọ́jọ́ tó fọ àwo yẹn, mi ò sì mọ̀ pé òun ló ń kọ lórin. Ọdún mẹ́fà ni mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yìí lórí ìtàgé, alẹ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Mi ò lè rántí ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ kan ṣoṣo. Mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀rù bà mí bí ẹni tó jí tó rí i pé òun ti ń tẹ ọmọ mọ́lẹ̀ lójú oorun.

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo yọ gìtá kúrò. Mo rẹ ìlù sílẹ̀, mo fi bass sílẹ̀, mo gbé ohùn Linda síwájú bí ẹni tó jókòó tì ọ́. Mo pe gbogbo wọn.

Nígbà tó parí, Doug ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Gìtá dà?"

"Mo yọ ọ́."

"O fẹ́ fi wá sílẹ̀ ni? O ti ríṣẹ́, o ò sọ fún wa?"

"Mi ò ríṣẹ́ kankan."

"Ó dáa, kí ló dé tí o yọ ara rẹ? Band rock ni wá! Ojú wa ń tì ọ́ ni?"

Ó dìde, ó fẹ́ gun òkè. Linda ò gbójú sókè. Ó ní, "Tún un gbé." Mo tún un gbé. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mi ò mọ̀ pé bí mo ṣe ń dún nìyí," ló wí. "Ó ń bà mí lẹ́rù." Walter, tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ló dìde, ó wọ coat rẹ̀. Ó ní, "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ó sì lọ sílé. Doug jókòó padà.

Kí lo sọ, Fẹ́mi? "Daddy, so ẹ sack ara yín?" Mo sack ara mi o. Páálí ni mi ò rí gbé.

Ọkùnrin kan ní ilé rédíò kan níbí gbé orin náà sáfẹ́fẹ́. Mo ń wakọ̀ lọ, ìyàwó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Sìdí lẹ́yìn, orin náà ṣàdédé jáde. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo pa ọkọ̀. Ìyàwó mi gbọ́ ọ dé òpin. "Níbo lẹ̀yin wà níbẹ̀?" ó bi mí. Mo ní, "Èmi ni ibi tó dákẹ́ yẹn." Ó di ọwọ́ mi mú. Àwọn tí wọ́n ti lé níṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí pe rédíò, wọ́n ní kí wọ́n tún un gbé. Ọkùnrin kan pè láti inú ilé tó ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láti fi sílẹ̀, ó ní òun náà ti lọ fọ àwo.

Kò pẹ́ ni ẹnìkan wá láti Toronto, láti iléeṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin. Ìyàwó mi dín àkàrà fún un. Ó bọ gbogbo wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, Linda ní, "Òun ló ń ta gìtá wa."

Ọkùnrin náà wo ojú mi. "Gìtá wo? Mi ò gbọ́ gìtá."

Doug fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Ìyàwó mi gbé àwo àkàrà padà sí ìdáná, kò tún jáde wá. Ọkùnrin náà bi wọ́n pé ta ló wá gba orin náà sílẹ̀, wọ́n tún tọ́ka sí mi. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi. Ó ní ohun tí òun wá wò nìyẹn. Ó fẹ́ kó àwọn mẹ́ta lọ sí ojú ọ̀nà, láti ìlú dé ìlú, fún oṣù mẹ́sàn-án. Èmi, kí n dúró ti ẹ̀rọ mi, òun á máa rán àwọn olórin sí mi. Mo ní mo gbọ́.

Linda ló sọ ìyókù fún mi, lórí àtẹ̀gùn basement, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ti rí ẹlòmíràn fún gìtá, nítorí àwọn orin wa àtijọ́ tí wọ́n máa kọ lọ́nà. Ọmọ Edmonton ni.

"Ó mọ̀ ọ́n ta?" mo bi í.

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ó máa ń rọra ta á."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín nítorí pé mo ti dàgbà. Mo rẹ́rìn-ín kó má bàa rí ojú mi, omi sì ń jáde lójú mi. Ó jókòó tì mí, ó ní bí mo bá ní kí òun má lọ, òun ò ní lọ. Mo wo obìnrin tó fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sórí tábìlì. Mo ní, "Máa lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ pariwo lé ọ lórí, dúró, má kọ ọ́ mọ́." Ìyàwó mi ní obìnrin tó fọ àwo ló di ẹni tó ní àwo. Wọ́n ṣe àwo orin mẹ́rin kí wọ́n tó pínyà. Doug padà wá síbí, ó ṣí ilé ìtajà irinṣẹ́. A jọ jẹun títí ó fi kú.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ, èmi ni mo bá Doug to ìlù sínú ọkọ̀. Ẹni tuntun náà jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Ó kí mi dáadáa, ọmọlúàbí ni. Ọkọ̀ ṣí. Mo dúró nínú snow pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, mo gbọ́ ìró ọkọ̀ náà títí mi ò fi gbọ́ nǹkan mọ́. Ìyàwó mi ti lọ síṣẹ́, Sìdí ti lọ sí daycare. Mo padà sí basement, mo pa iná, mo tún tàn án. Mo rò ó pé kí n gbé ẹ̀rọ náà jù síta, bí mo bá lè rí ẹni bá mi gbé e.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i, mo bá ọkùnrin àgbà kan, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, ó gbé duru aláfẹ́fẹ́ kọ́ àyà, irú èyí tí wọ́n ń fà tí wọ́n ń tì. Ó ní òun ń jó irin pọ̀ ní oko epo tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ní kí òun máa lọ. Ó ti rí iṣẹ́ díẹ̀ ní àríwá, ó jìnnà, kò mọ ìgbà tí òun á padà.

"Ìyàwó mi ò ríran mọ́," ó wí. "Kò lè ka lẹ́tà. Ẹni tó wà ní rédíò ní o lè bá mi gba orin kan sílẹ̀ fún un, kó máa gbọ́ ọ."

Mo mú un sọ̀kalẹ̀, mo gbé àga fún un, mo gbé máíkì súnmọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣì í, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ìka rẹ̀ tún yọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ojú tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn duru náà kúrò léjìká. Ó ní kí n má bínú, òun ń fi ọjọ́ mi ṣòfò.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó. Mo ní gbogbo ọjọ́."

Ó wò mí, ó wá rẹ́rìn-ín, nítorí pé òun náà ní gbogbo ọjọ́. Ó fa okùn padà sí èjìká, ó tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo di ojú mi, mo káwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, mo sì gbọ́ ọ dé òpin.